Àrán Tí Rọ̀kíbátù Gé Lódì

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó rí, ẹ bá mi jẹ́rìí sí i: kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló ń dá èèyàn lágara, àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Ní ti Rọ̀kíbátù, ọmọ Àlàájì Àlímì, àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Ọmọge tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, òun ló wá di ẹni tí wọ́n ń pè títí kó tó dáhùn. Ó rù. Ojú rẹ̀ wọnú. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ní àárẹ̀ ìyàwó ni. Àárẹ̀ ìyàwó kọ́ o. Ìyá ọkọ ló kọ̀yìn sí i, bàbá tirẹ̀ náà sì ti fàáké kọ́rí.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dùn níbẹ̀rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni òun àti Bámilóyè ti pàdé, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Rọ̀kíbátù ló gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àdínì bàbá rẹ̀ padà wá, pé wọ́n ti tẹ ojú àwọn àgbà ẹgbẹ́ dúdú jù. Ìjà ló bá wá, ó tilẹ̀ ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Bámilóyè, tó ń tẹ̀wé níbẹ̀, tẹ́tí gbọ́ ọ tán, ó wo kàlẹ́ńdà náà, ó ní òótọ́ ni, òun lòun jẹ̀bi, òun á tún un tẹ̀. Ọkùnrin tó jẹ̀bi tó sì gbà láìṣe àwíjàre! Rọ̀kíbátù kò bá irú ẹ̀ pàdé rí. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí iṣẹ́ tí wọ́n ní láti tẹ̀. Tí kò bá sí iṣẹ́, á ní òun kàn ń kọjá ni. Ẹ̀yin náà mọ irú kíkọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Bámilóyè mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bàrígà, obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó ń pè é ní ìyàwó mi kó tó jókòó. Opó ni ìyá yìí, ọmọ Abẹ́òkúta, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò títí dé Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa. Ìyàwó tó bá fẹ́ kí aṣọ bá òun lára mu, ọ̀dọ̀ Ìyá Bámilóyè ló ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́jọ́ náà pé tí àkókò bá tó, òun lòun máa rán aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ òun. Inú Rọ̀kíbátù dùn dé ibi kan tí kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tirẹ̀, Sàwúdátù, ti kú láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama.

Àkókò tó. Rọ̀kíbátù kó ìgàn àrán kan jáde láti inú àpótí ìyá rẹ̀. Ìsàlẹ̀ Èkó ni Sàwúdátù ti ń ta aṣọ títí ọlọ́jọ́ fi dé, àrán aláwọ̀ àlùkò yìí ló sì ṣẹ́ kù nínú ọjà rẹ̀. Rọ̀kíbátù àti Bámilóyè ti pinnu pé àwọn ò ní fi gbogbo ohun táwọn tù jọ ṣe ayẹyẹ ọjọ́ kan. Kò ní sí gbọ̀ngàn, kò ní sí alága olówó gọbọi, pálọ̀ Àlàájì ni wọ́n ti máa ṣe ìdána tí wọ́n á sì so yìgì. Aṣọ àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́rin ló sì kù, àrán ọ̀fẹ́ rèé, aránṣọ ọ̀fẹ́ rèé. Ó di aṣọ náà, ó gbé e lọ Bàrígà, ẹ̀rín ló ń rín lọ.

Ìyá Bámilóyè kò tilẹ̀ tú u wò. Ó ní, "Èmi ò rán an. Gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn." Rọ̀kíbátù rò pé ó ń ṣeré. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó béèrè ohun tí òun ṣe. Obìnrin náà kọ ojú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí wọ́n fi pàdé ní Fádèyí, lẹ́bàá àwọn tó ń ta bàtà, ní gbangba ọ̀sán. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ kúnlẹ̀. Ìyá náà wò ó lójú kòrókòró, ó sì kọjá lọ bí ẹni tí kò rí èèyàn. Àwọn tó ń ta bàtà rí i. Ẹnì kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí." Rọ̀kíbátù kò lè gbàgbé ẹ pẹ̀lẹ́ yẹn.

Dọlápọ̀, ẹ̀gbọ́n Bámilóyè obìnrin, ni alárinà wọn. Òun ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ Màrúwà láti Bàrígà sí Ṣómólú, kò sì sí iṣẹ́ tí wọ́n rán an tí kì í fi ṣúgà díẹ̀ sí. Tí ìyá bá ní òun ò wá, Dọlápọ̀ á ní Màmá ní àwọn á wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wọn sọ pé kí wọ́n ṣe ìdána láìsí òun, pé òun ò ní fẹsẹ̀ kan ilé Àlàájì, ṣúgà Dọlápọ̀ tán. Ó jókòó sí pálọ̀ Àlàájì, ó ń ká etí gèlè rẹ̀ mọ́ ìka, ó wá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àlàájì Àlímì kò bínú sókè. Ó ti ṣe ohun tí bàbá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ti rán èèyàn lọ Abẹ́òkúta láti wádìí ilé tí ọmọ ń lọ, bóyá àrùn kan wà tó ń tẹ̀ lé ìran wọn. Wọ́n wádìí ìdílé bàbá Bámilóyè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé. Ó jẹ́ kí Dọlápọ̀ lọ tán, ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Rọ̀kí, ìyá ẹ ò sí mọ́," ó ní. "Nígbà tí mo gbọ́ pé obìnrin yẹn fẹ́ràn ẹ, mo ní mo rí ibi tí mo máa fi ọ́ sí. Ọmọ tí kò ní ìyá ni mo fẹ́ fà lé ìyá lọ́wọ́. Tí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé yìí lọ́jọ́ ìdána, kó kúnlẹ̀ tọrọ ẹ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ, yìgì ò ní so."

Ó bẹ bàbá rẹ̀ títí. Bàbá ní ó ti parí.

Bámilóyè ní tirẹ̀ ní kí àwọn lọ ṣe é ní kọ́ọ̀tù. Ó ti bá ìyá rẹ̀ jà, ó sì ti sọ fún un pé tí kò bá wá lọ́jọ́ náà, kó má retí òun ní Bàrígà mọ́. Ó sọ ọ́ fún Rọ̀kíbátù bí ẹni tó ń fọ́nnu. Rọ̀kíbátù rò ó wò. Tí òun bá bá a lọ kọ́ọ̀tù, òun ti pàdánù bàbá. Tí òun bá dúró ti bàbá, òun ti pàdánù ọkọ. Bí bàbá àti ọkọ bá sì gbà láìsí Ìyá Bámilóyè, ìyá kan ti pàdánù ọmọ rẹ̀ nítorí òun. Ewo ni kéèyàn mú níbẹ̀?

Ó mú àlùmọ́gàjí. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká nìyẹn. Ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ díẹ̀ nígbà tó ń dúró láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó lè rán búláòsì, ó lè rán kaba, síìpù rẹ̀ kì í wọ́. Ó ní tí ìyá ọkọ ò bá rán an, òun á rán an nílé fúnra òun, kí wọ́n wá wò ó. Ó tẹ́ àrán sílẹ̀ ní pálọ̀, ó gé e bó ṣe ń gé àǹkárá. Kí aṣọ lè tó ẹni mẹ́rin, ó fi orí èyí kojú ìdí tọ̀hún, ó fún wọn mọ́ra. Ó tó. Kódà ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Orí rẹ̀ wú.

Ìgbà tí Hameedat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ga jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ tirẹ̀ wò lẹ́bàá fèrèsé ni ayé bàjẹ́. Hameedat yí síwájú, ó yí sẹ́yìn.

"Rọ̀kí, má bínú o. Ṣé aṣọ méjì lo rán pọ̀ ni?"

Iwájú ń dán, ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn dúdú. Ìgàn kan náà ni wọ́n ti gé méjèèjì, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti pàdé ní ìhà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa aṣọ á mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ó mú àwọn yòókù wá sí ìmọ́lẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn. Àrán kì í ṣe àǹkárá, irun wà lára rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni irun náà sì ń sùn sí. Òun ti gé gbogbo iwájú kó sùn wálẹ̀, ó ti gé gbogbo ẹ̀yìn kó sùn sókè. Àrán ìyá rẹ̀, tí kò sí mọ́ níbikíbi. Rọ̀kíbátù jókòó sílẹ̀, ó sunkún débi tí Hameedat kò mọ ohun tí òun lè ṣe.

Nígbà tó sunkún tán, inú bí i. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó kọjú sí Bàrígà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí àrán ní gbogbo agbègbè yẹn, bí obìnrin náà bá sì máa lé òun, kó lé òun.

Ìyá Bámilóyè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Oòrùn mọ́lẹ̀ kedere. Rọ̀kíbátù dúró síwájú rẹ̀ gan-an. Ìyá náà gbójú sókè sí i.

"Ta nìyẹn?"

Ẹ wo ìwọ̀sí. Rọ̀kíbátù gbé e mì. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ni, Rọ̀kíbátù. Ojú obìnrin náà yí padà lójijì, ó béèrè bóyá Dọlápọ̀ kò jíṣẹ́ òun ni. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí Rọ̀kíbátù ti tò sẹ́nu bọ̀ láti Ṣómólú fò lọ. Ó fa aṣọ Hameedat yọ, ó gbé e lé ìyá náà lórí itan. Ó ní aṣọ tí ìyá òun fi sílẹ̀ lọ nìyí, òun sì ti bà á jẹ́. Ó ní kí wọ́n kórìíra òun bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣàánú aṣọ òkú.

Obìnrin náà fẹ́ tì í dànù. Ọwọ́ rẹ̀ kan àrán, ó sì dúró. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó yí aṣọ padà, ó gun ẹ̀yìn lọ sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ojú pópó ló kọjú sí ní gbogbo àsìkò náà.

"O gé ẹ̀yìn rẹ̀ lódì," ó ní. "Àrán gidi rèé, irú èyí ò sí lọ́jà mọ́." Ó ń fọwọ́ pa aṣọ náà, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àwọ̀ wo ni?"

Aṣọ náà wà lórí itan obìnrin náà, nínú oòrùn. Rọ̀kíbátù wo ojú ìyá náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé e lọ sápá ọ̀tún. Ojú náà kò tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ ò rí mi ní Fádèyí."

Ìyá náà ká aṣọ yẹn, ó tún un ká. Ó ní kí ó wọlé, kí ó ti ilẹ̀kùn.

Eruku ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ojú ọ̀tún ti lọ tán, òjìji nìkan ni ti òsì ń rí. Ó ti rí dókítà, dókítà sì ní irú àrùn ojú yìí máa ń rìn nínú ìdílé. Kò yà á lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe fọ́jú kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ kankan kò mọ̀. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà pé ó ti rẹ òun, ó sì mọ ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó fura.

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Rọ̀kíbátù béèrè. "Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa rò pé…"

"Bàbá ẹ rán èèyàn lọ Abẹ́òkúta," ìyá náà ní. "Ilé bàbá Bámi ni wọ́n wádìí, wọn ò dé ilé tiwa. Tí mo bá wọ pálọ̀ yín, tí mo ń tá ràrà, wọ́n á béèrè. Wọ́n á ní ìran afọ́jú nìyí, wọ́n á gba ọmọ wọn padà. Kí ẹ rò pé mo burú sàn fún ọmọ mi ju kí ẹ mọ̀ pé mo fọ́jú lọ."

Obìnrin yìí fẹ́ kí ìgbéyàwó náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun gan-an ló sì ń wó o. Rọ̀kíbátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á, ẹ̀rù tirẹ̀ gan-an. Ojú Bámilóyè ńkọ́? Ojú àwọn ọmọ tí òun máa bí fún un ńkọ́? Ẹ má dá a lẹ́bi, ẹ̀yin náà ẹ̀ bá rò ó. Ìyá náà ń dúró, ó jọ pé ó mọ ohun tí Rọ̀kíbátù ń rò.

Ó ní kí Rọ̀kíbátù búra pé òun ò ní sọ. Rọ̀kíbátù búra pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ní Màmá fúnra wọn ló máa sọ ọ́ kí yìgì tó so. Ìyá ní láéláé. Wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n kọjú sí àrán.

Ẹ ò bá rí obìnrin yẹn. Ó ní kí Rọ̀kíbátù tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sápá ọ̀tún, sápá òsì, kò ṣi ẹyọ kan. Ó ní iwájú mẹ́rin tó sùn wálẹ̀, kí wọ́n di aṣọ méjì, ẹ̀yìn mẹ́rin tó sùn sókè, kí wọ́n di méjì. Èyí tí a bá fi iwájú ṣe ẹ̀yìn, kí ó la àárín rẹ̀ fi síìpù sí. Èyí tí a fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, kí ó to bọ́tìnì sí ojú ibi tí síìpù wà tẹ́lẹ̀, tó wá gba àyà kọjá. Méjì á mọ́lẹ̀, méjì á dúdú. Kí wọ́n dúró lọ́tùn-ún lósì ìyàwó, wọ́n á ní ó ti rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Rọ̀kíbátù ní òun ò mọ̀ bóyá òun lè ṣe é. Ìyá ní òun ò bi í bẹ́ẹ̀, kó nu ẹ̀rọ.

Bó ṣe di pé lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́ ó ń lọ Bàrígà nìyẹn. Ó ń rán, ìyá ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, tí ojú rírán kan bá wọ́, á ní kó tú u. Rọ̀kíbátù tú aṣọ títí ìka rẹ̀ fi bó. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó mọ bí Bámilóyè ṣe sá fún aṣọ dídán wò ní kékeré, ó mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ padà wá, ó tilẹ̀ lé kún un. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ilé, ọkàn rẹ̀ á dàrú. Ó ń purọ́ fún bàbá rẹ̀. Ó ń purọ́ fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́.

Dọlápọ̀ rí i níbi tó ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì sọ fún Bámilóyè. Ọkùnrin náà wá dúró dè é lẹ́nu ibi iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ Màmá, ṣé ó ń lọ bẹ ẹni tó fojú tín-ín-rín rẹ̀ láàárín ọjà ni. Ó ní ó ti tó, òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìyàwó òun di alágbe, ì báà jẹ́ ìyá òun. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Rọ̀kíbátù. Ó kù díẹ̀ kó sọ.

"Bámi, bá mi ṣe nǹkan kan," ló sọ. "Lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú ẹ wò."

"Ojú mi kẹ̀? Kí ló ṣe ojú mi?"

Rọ̀kíbátù ní tìtorí lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó ń wò látàárọ̀ dalẹ́ ni. Bámilóyè wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ó ní òun á lọ, tó bá jẹ́ pé ìyẹn lòun fi máa rí ẹ̀rín rẹ̀. Kò rí ẹ̀rín náà. Ó lọ tán ni Rọ̀kíbátù fara ti ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n parí aṣọ kẹrin, Rọ̀kíbátù kó wọn sínú báàgì, kò dìde. Ó ní òun ò tún ní bẹ Màmá mọ́. Ó ní tí wọn ò bá wá, Bámi kò ní wá sí Bàrígà mọ́, ohun tó sọ ló máa ṣe, ó ṣorí kunkun bíi tiwọn. Ó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún un, gbogbo rẹ̀, pé ọmọ tí kò ní ìyá ni Àlàájì fẹ́ fà lé ìyá lọ́wọ́.

"Tí bàbá mi bá bi mí léèrè, mi ò lè sọ, torí mo ti búra," ó ní. "Mi ò sì lè purọ́ fún un lọ́jọ́ yìgì. Mo kàn máa dákẹ́, kó lé yín lọ."

Ìyá Bámilóyè kò sọ pé òun á wá, kò sọ pé òun ò ní wá. Ó ní kó rọra lọ.

Ọjọ́ ìdána pé. Ẹbí ọkọ wọlé, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Bámilóyè wà láàárín wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́rin ti tò sí pálọ̀ nínú àrán, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, àwọn obìnrin sì ń bi ara wọn léèrè ilé aránṣọ tí wọ́n ti rán an. Rọ̀kíbátù wà lẹ́yìn kọ́tìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìbòjú lórí, ó ń yọjú. Kò rí Ìyá Bámilóyè. Àlàájì jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Àga ńlá tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé wà láàárín pálọ̀, ti lémọ́mù ni, lémọ́mù kò sì tíì dé.

Àlàájì dá wọn lóhùn tán, ó béèrè ìyá ọkọ. Dọlápọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nǹkan kan tí kò lórí tí kò nídìí. Bámilóyè dìde dúró, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Rọ̀kíbátù sì mọ̀ pé tó bá la ẹnu, kò sí ẹni tó lè pa á dé mọ́. Ìgbà náà ni àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá Bámilóyè ló wọlé. Kò gba ọwọ́ ẹni tó fẹ́ mú un. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, orí rẹ̀ lókè, kò wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn Rọ̀kíbátù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan pòṣé, ó ní ẹ wo ìgbéraga. Obìnrin náà rìn dé àárín pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àga ńlá yẹn, ó fọwọ́ kan aṣọ funfun orí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Kò sí èèyàn lórí àga náà.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ mi," ó bẹ̀rẹ̀. "Ojú mi ló ti ń lọ. Ìyá mi náà fọ́jú kó tó kú. Àwọn tí ẹ rán lọ Abẹ́òkúta ò dé agbolé tiwa, inú mi sì dùn nígbà náà, mo ní tí ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní fún wa lọ́mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá. Aṣọ tí àwọn ọmọ yìí wọ̀, Rọ̀kíbátù ló rán an, mi ò fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ó mọ ohun tó wà nílé wa, ó ṣì ń wá lójoojúmọ́. Mi ò lè jẹ́ kó fi irọ́ wọlé wa. Mo wá tọrọ rẹ̀. Tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní bínú."

Ẹ̀dùn ọkàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Rọ̀kíbátù. Ó fẹ́ sáré jáde kó yí i padà sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ti fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mọ̀. Bámilóyè dúró bí igi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, àwa tó wà nítòsí gbọ́ ohun tó sọ: ẹ̀gbọ́n, ìran afọ́jú nìyí o. Àlàájì gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Rọ̀kíbátù kò gbé ojú kúrò. Ẹ̀rù tó bà á ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì lọ, ó sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí i pé ó wà níbẹ̀, pé òun gbà bẹ́ẹ̀ náà.

Àlàájì dìde. Ọkùnrin tí kì í dìde fún ẹni tó bá kéré sí i nínú ilé ara rẹ̀ ni o. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ kó má baà dún, ó rọra gba iwájú àwọn aláṣọ àrán kọjá, ó sì jókòó sórí àga lémọ́mù, níbi tí obìnrin náà kọjú sí.

"Ìyá Bámilóyè," ó ní, "mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ dìde. Ọmọ yín nìyí."

Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ náà. Títí di òní, Ìyá Bámilóyè máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá bá a jókòó, pé ojú lè má ríran, ṣùgbọ́n òun kúnlẹ̀ síwájú Àlàájì gbangba, òun bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Gbogbo àwa tí a wà ní pálọ̀ yẹn la mọ bó ṣe rí. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un.